Ṣé eré dírágì lè wúlò fún kíkọ́ àwọn ará ìlú ní sáyẹ́ǹsì ní Abẹ́òkúta?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní kẹ́mísírì ní Abẹ́òkúta, mo sì wà lára àwọn olùkọ́ tó ń ṣètò ọjọ́ sáyẹ́ǹsì kan fún àwọn ará àdúgbò, níbi tí a óò ti pe àwọn òbí, àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, àti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá. Ìṣòro tó máa ń yọjú ni pé àwọn tó ti fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀ nìkan ló ń wá síbi irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti sọ fún pé físíìsì kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin kò ní wá. Ìyá tí kò lọ sí ilé-ìwé yóò rò pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a óò fi sọ gbogbo rẹ̀. Ọmọkùnrin tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bó ṣe ń rìn tàbí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lè wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni yóò jókòó sí, kò sì ní la ẹnu béèrè ohunkóhun.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé mo ti ń wo fídíò àwọn eléré òkè òkun kan tí wọ́n ń fi dírágì kọ́ni. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, dírágì ni eré tí ọkùnrin ti ń múra bí obìnrin tàbí tí obìnrin ti ń múra bí ọkùnrin, pẹ̀lú àtíkè, wíìgì àti aṣọ tó ń dán, tí ẹni náà yóò sì gba orúkọ mìíràn, tí yóò máa jó, tí yóò máa kọrin, tí yóò sì máa bá àwọn òǹwòran tàkurọ̀sọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Kyne, ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Philippines tó sì dàgbà ní Kánádà, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Waterloo. Ó kópa nínú ìdíje dírágì orí tẹlifíṣọ̀n ti Kánádà ní 2020, orí TikTok ló sì ti ń ṣàlàyé ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ti rò pé àwọn kò ní orí fún un. Ẹlòmíràn ni Pattie Gonia ti Amẹ́ríkà, tó di ìlúmọ̀ọ́ká ní 2018 nígbà tó wọ bàtà gìgísẹ̀ gíga rìn lórí òkè, tó wá ń lo òkìkí náà láti sọ̀rọ̀ nípa ìyípadà ojú ọjọ́ àti ìtọ́jú àyíká.

Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ẹwà aṣọ nìkan kọ́ ló ń dá àwọn ènìyàn dúró. Olùkọ́ tó wọ kóòtù funfun ti sọ fún àwọn òǹwòran, kó tó la ẹnu, pé òun mọ̀ àti pé àwọn kò mọ̀. Eléré tó gbà kí wọ́n kọ́kọ́ fi òun rẹ́rìn-ín ti di ẹni tí a lè já lọ́rọ̀ gbà, tí a sì lè bi ní ìbéèrè tí ojú ìbá tì wá láti bi dókítà.

Ìbéèrè mi ni pé ǹjẹ́ a lè ṣe irú nǹkan báyìí níhìn-ín, kó má di àwàdà lásán, kó má sì kó ẹnikẹ́ni sí wàhálà? Bó bá ṣeé ṣe, ẹ̀kọ́ wo ló bá irú eré bẹ́ẹ̀ mu? Mi ò fẹ́ kí a kàn fi ìró àti bùbá wọ ọkùnrin kan kó wá dúró máa ka ìwé kẹ́mísírì sí wa létí.

Ọmọ Aláré

Olùkọ́, ẹ kú àníyàn. Kí ẹ tó dé Kánádà, ẹ yà sí Ìmẹ̀kọ ná, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Níbẹ̀, àti ní Kétu tó bọ́ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọkùnrin ló ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, aṣọ obìnrin ló sì ń wọ̀ jó o, pẹ̀lú ọmú tí wọ́n fi igi gbẹ́ àti ìdí tí wọ́n fi aṣọ dì kó lè tóbi. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tó yẹ kí gbogbo ayé pa mọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n máa ń ṣe é, wọ́n sì tún máa ń ṣe é nígbà tí ọ̀dá bá dá tàbí tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìyẹn kà: nígbà tí àrùn bá wọ̀lú, ọkùnrin tó múra bí ìyá ni àwọn baba ńlá wa ń gbé jáde sí ojúde.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti dírágì jẹ́ ohun kan náà. Ìsìn wà nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó ní àwọn olóhun rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ gbé e wá sí gbọ̀ngán ilé-ìwé bí ẹni gbé àga. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà níbẹ̀ tí ẹ lè kọ́. Èkínní, ní òru Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn òru orin tó ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, akọrin láṣẹ láti sọ ohun tó bá fẹ́ nípa ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ìjòyè, ìbáà jẹ́ olówó, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ bínú sí i. Orí igi tí wọ́n gbé sórí kì í sì í ṣe ohun àtijọ́ nìkan, nítorí pé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ti gbẹ́ alùpùpù àti ẹ̀rọ ìránṣọ sórí rẹ̀. Ohun tuntun tó bá wọ̀lú ni wọ́n ń gbé sórí níwájú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mi ò mọ ohun mìíràn tí ẹ̀yin onísáyẹ́ǹsì ń wá.

Èkejì ló ká mi lára jù. Láti fi bu iyì fún àwọn ìyá wa ni wọ́n ṣe ń jó o. Ẹ wá fi wé àwọn fídíò àwàdà tó kún orí Facebook báyìí, níbi tí ọkùnrin ti ń wé gèlè wíwọ́ tí yóò máa pariwo bí ìyá tí kò mọ ohunkóhun. Bí ẹ bá gbé irú ìyá bẹ́ẹ̀ síwájú àwọn ìyá ọlọ́jà, tí ẹ ní kó máa béèrè ohun tí bakitéríà jẹ́, ẹ ti bú wọn kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa dírágì fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ni. Ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn mọ̀ pé ó pe ara rẹ̀ ní ọbabìnrin dírágì ni William Dorsey Swann, ènìyàn dúdú tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Maryland. Ó ń se àpèjẹ ijó fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington láàárín àwọn ọdún 1880 sí 1890, àwọn ọlọ́pàá sì kó wọn níbi irú àpèjẹ bẹ́ẹ̀ ní 1888. Àwọn tí wọ́n tì síta ló dá eré yìí sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yá aṣọ wọn lò, ọmọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn tí ẹ dárúkọ yẹn kò gbọdọ̀ di ẹni tí gbogbo ilé ń fi rẹ́rìn-ín nígbà tí eré bá parí.

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Ọmọ Aláré. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá.

Olùkọ́, ẹ̀rù kò bà mí nípa eré fúnra rẹ̀. Orin, àtẹ́wọ́ àti ijó ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìlera ní ọjọ́ àwọn aboyún ní ilé ìwòsàn wa, kò sì sí ẹni tó sọ pé a kò mọ iṣẹ́ wa nítorí pé a jó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí ẹ̀rín gbé ẹ̀kọ́ lọ. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí aṣọ eléré fúnra rẹ̀ lè sọ ni kí ẹ mú. Mo ní ọ̀kan fún yín, òun ni ti jínótáìpù.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní ẹ̀jẹ̀ AS. Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ pé ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin lè ní SS, ìyẹn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ló ń kó wọn sí ọ̀fìn. Wọ́n rò pé bí àkọ́bí bá ti ní SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ìbò tuntun: ìdá kan nínú mẹ́rin fún SS, ìdá méjì fún AS, ìdá kan fún AA, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ti ìṣáájú kò sì yí i padà. Àṣìṣe kejì ni pé ìyá nìkan ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Mo ti rí ìyá tí àwọn àna rẹ̀ ń bú nítorí ẹ̀jẹ̀ ọmọ, tí ọkọ rẹ̀ sì dákẹ́ bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀.

Àwọn eléré dírágì kan máa ń múra ìlàjì méjì, kí apá ọ̀tún jẹ́ ọkùnrin, kí apá òsì sì jẹ́ obìnrin. Ẹ jẹ́ kí eléré yín ṣe bẹ́ẹ̀. Apá kan á wọ agbádá, a ó sì fi tìróò ya irùngbọ̀n sí ìdajì àgbọ̀n; apá kejì á ní ìró, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìdajì gèlè. Kí ó gbé àpò kan kọ́ èjìká ọ̀tún, kí ó gbé òmíràn kọ́ ti òsì, kí aṣọ pélébé méjì sì wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan funfun fún A, ọ̀kan pupa fún S. Ẹ pe àwọn òǹwòran kí wọ́n wá bí ọmọ: kí ẹni tó bá jáde mú aṣọ kan nínú àpò bàbá, kí ó mú ọ̀kan nínú àpò ìyá, kí ó gbé méjèèjì sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Lẹ́yìn náà kí ó dá wọn padà sínú àpò. Ibi tí ó ti ń dá wọn padà yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà wà, ẹ má ṣe sáré kọjá rẹ̀. Bí ẹni kejì bá tún mú pupa méjì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kí eléré yí apá agbádá síwájú kó bẹ̀rẹ̀ sí dá ìyá lẹ́bi, kí ó sì yí apá ìyá síwájú kó bi í pé nínú àpò ta ni pupa kejì ti wá. Ara kan ṣoṣo ló ń bá ara rẹ̀ jà yẹn, ẹ ó sì rí i bí ilé yóò ṣe dáhùn.

Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹ fi dírágì ṣe ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ní October 2023, fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, àhesọ pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn sì ń jà ràn-ìn títí di ìsinsìnyí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tí àdúgbò mọ̀ lójú. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ló yẹ ní ẹ̀rín.

Agbẹjọ́rò Òkè-Mọ́sàn

Ní ti òfin, kí ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n ń sọ ní ọjà. Òfin tó ka ìgbéyàwó akọ-sí-akọ tàbí abo-sí-abo léèwọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2014, sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó, ẹgbẹ́, àti fífi ìfẹ́ irú bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ìjìyà rẹ̀ lè tó ọdún 10 sí 14 lẹ́wọ̀n. Kò mẹ́nu kan aṣọ. Ní 2022, wọ́n gbé àbá kan wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin láti fi ìmúra ọkùnrin bí obìnrin kún un, àbá náà fúnra rẹ̀ sì yọ eré orí ìtàgé sílẹ̀. Sáà ilé náà parí ní 2023 láì sọ ọ́ di òfin.

Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó dá ènìyàn dúró ní òru kì í ka òfin kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí eléré yín wọ aṣọ níbi eré, kí ó bọ́ ọ níbẹ̀, kí ó má ṣe wọ̀ ọ́ gun ọ̀kadà. Kí ìwé wà lọ́wọ́ yín láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, kí ẹ sì fi tó baálẹ̀ àdúgbò létí. Kí ẹ kéde fún àwọn òbí ṣáájú pé eré ni, kí ẹni tí kò bá fẹ́ lè jókòó sílé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ má ṣe gbé àwòrán ẹnikẹ́ni sórí íntánẹ́ẹ̀tì láì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ohun tó jẹ́ eré nínú gbọ̀ngán lè di ẹ̀sùn lórí fóònù àjèjì. Bí ọ̀dọ́ kan bá sì ní òun kò fẹ́ ṣe é, ẹ má ṣe bi í léèrè ìdí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé apá kejì, ti obìnrin tó múra bí ọkùnrin. Ìyẹn rọrùn láti gbé wọ ilé-ìwé, ìtàn gidi sì wà fún un. Nígbà tí Bougainville ti ilẹ̀ Faransé ń yí ayé ká pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi, láàárín 1766 sí 1769, onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Commerson bá a lọ pẹ̀lú ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ-ọ̀dọ̀ náà ń pọ́n òkè, ó ń já ewé, ó ń gbé ẹrù. Obìnrin ni o, Jeanne Baret ni orúkọ rẹ̀. Òfin kò gba obìnrin láyè nínú ọkọ̀ ìjọba, ló bá fi aṣọ di àyà, ó wọ ṣòkòtò. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ìtàn mọ̀ pé ó yí ayé po. Òdòdó ẹlẹ́gùn-ún aláwọ̀ àlùkò tó bo ògiri ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbarà yẹn, inú ìrìn-àjò yẹn ni wọ́n ti kó o jọ ní Brazil, orúkọ Bougainville, ọ̀gá ìrìn-àjò náà, ni wọ́n sì fún un. Ìgbà tó di 2012 ni wọ́n tó fi orúkọ obìnrin náà sọ ewéko kan, ní ẹbí ìkàn àti tòmátò.

Kí ọmọbìnrin kan ṣe Baret, kí ó gbé ẹ̀ka òdòdó náà wọlé, kí ó fi han àwọn ènìyàn pé ohun tí wọ́n ń pè ní òdòdó kì í ṣe òdòdó. Ewé ni àwọ̀ àlùkò yẹn. Òdòdó gan-an ni funfun kékeré tó wà láàárín rẹ̀. Ó bá ẹni tó wọ aṣọ ẹlòmíràn mu, mo rò bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Aláró Ìtòkú

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Mo ń dáhùn nítorí mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dá a lábàá láìpẹ́ pé kí ọkùnrin kan múra bí ìyá aláró kó wá ṣàlàyé àdìrẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi àti ìyá rẹ̀ ti ń ṣe kẹ́mísírì kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn ní orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá pè wọ́n wá jókòó kí ẹlòmíràn wá fi gèlè wọn sọ ohun tí wọ́n mọ̀, ta ni ẹ wá gbà wọlé?

Ẹ yí i padà. Kí eléré dírágì yín jẹ́ arẹwà tó ń fẹ́ aṣọ búlúù kíákíá, tí kò ní sùúrù, kí ìyá aláró gidi sì jẹ́ ọ̀gá. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀. Aró inú ewé ẹ̀lú kì í yòrò nínú omi lásán. A ó gún ewé náà, a ó fi í sínú omi eérú nínú ìkòkò, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan. Omi eérú ló ń jẹ́ kí ó yòrò. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú un kan ló ń kọ́kọ́ yí aró náà padà, tó fi ń di ohun tó lè yòrò nínú omi eérú náà, tó sì lè wọ inú òwú. Ìdí nìyẹn tí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ìkòkò fi máa ń dà bí ewé tútù tó fẹ́ pọ́n. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àwọ̀ búlúù á sì máa jáde lójú yín. Ibi tí a fi okùn dì tàbí tí a fi ẹ̀kọ láfún ya ni aró kò dé, ibẹ̀ á wà ní funfun.

Kí arẹwà náà béèrè gèlè búlúù, kí ìyá fa gèlè aláwọ̀ ewé jáde, kí arẹwà fìbínú kígbe pé wọ́n ti fi ayédèrú rẹ́ òun jẹ, kí ìyá sì ní kó fẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ kó máa jó. Ijó rẹ̀ ni yóò pa á láró. Bí ẹ bá ń lo aró ìgbàlódé tó ní kọ́sítíìkì sódà nínú, ìyá ni kó mú un pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan awọ ara, kí arẹwà má sì wé e sórí ní ọjọ́ náà. Orí igi gígùn ni kó ti máa jù ú.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ti jínótáìpù àti ti aró ni a óò fi bẹ̀rẹ̀. Baret yóò jẹ́ ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì, ọmọbìnrin méjì sì ti ń du ipò náà. A ti gbà pé àgbàlagbà ni yóò ṣe eléré, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, àti pé a kò ní ya fídíò. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn ń dà mí láàmú síbẹ̀. A pinnu pé eléré kò ní fi ẹnikẹ́ni nínú òǹwòran ṣe yẹ̀yẹ́, ara rẹ̀ nìkan ni, àti pé pélébé ìwé ni a óò fi gba ìbéèrè kí ẹnikẹ́ni má bàa dìde bí kò bá fẹ́.

Ọmọ Aláró, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kí àwọ̀ náà tó yí? Mo fẹ́ mọ bí orin náà ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. Àti pé èló ni kí a san fún ìyá?

Ọmọ Aláró Ìtòkú

Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ dáadáa, ẹ ó ti rí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, etí aṣọ ni yóò kọ́kọ́ yí. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúdú kíjikíji, wọ́n á tún un rì lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí náà ẹ jẹ́ kí orin náà ní ègbè. Ní ti owó, ohun tí ẹ bá ń san fún eléré ni kí ẹ san fún ìyá, kí ẹ sì fi owó ọkọ̀ ìkòkò kún un.